Ta Ni Ó Ń Fọ́ Ìkòkò Aró?

Àwọn àgbà Òṣogbo ní ìtàn kan tí wọn kò jẹ́ kí ó parun. Wọ́n ní nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn kó àwọn ènìyàn wọn dé bèbè odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń gé igi kí wọ́n lè rí àyè tẹ ìlú dó, igi ńlá kan wó, ó sì já sínú odò. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn kan ké jáde láti inú omi. Ó pe àwọn àlejò náà ní oṣó inú igbó, ó ní wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Nínú ìtàn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń túmọ̀ orúkọ ìlú Òṣogbo. Nínú rẹ̀ náà ni a sì ti gbọ́ pé aláró ni Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ igi tó wó àti ìkòkò tó fọ́ yìí sí ìsàlẹ̀ ikùn, nítorí pé a óò tún padà bá a.

Ohun tó gbé wa dìde lónìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ìbáà ṣe ní Ìréè, níbi tí Pólì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ìbáà ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá, ìbáà sì ṣe ní Òṣogbo tàbí Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ ìwòyí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ òun mọ sórí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ti rán sílẹ̀. Yóò mú agbádá tí baba baba rẹ̀ ń wọ̀, tàbí ìró àti bùbá ìyá àgbà, yóò gé e ní ọ̀nà tuntun, yóò sì wá ọnà tí yóò fi sí i lọ sínú igbó: apá aṣọ yóò fẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, etí gèlè yóò ká bí ìkarahun ìgbín, ìṣẹ́po ìró yóò máa ru bí ìgbì omi. Inú àwọn kan ń dùn sí i, wọ́n ní ojú àwọn ọmọ wa ti là. Àwọn mìíràn ń mi orí, wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé aṣọ Yorùbá náà nìyí, tàbí eré orí ìtàgé?"

A ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Ní tiwa, a rò pé ibi tí ìjà náà wà kọ́ ni wọ́n ti ń jà á. Ewé tí akẹ́kọ̀ọ́ yà sára aṣọ kò lè ba àṣà jẹ́. Ewé tó yẹ kí a máa wádìí rẹ̀ ni èyí tó yẹ kó wà nínú ìkòkò aró, tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

ỌNÀ WA KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ IGBÓ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn àwọn tó ń bínú wò. Àwọn kan nínú wọn ní àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa fi ewé àti ẹranko ṣe ọ̀ṣọ́ aṣọ, wọ́n ní inú ìwé ni àwọn ọmọ ti rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ sílẹ̀, tó fara balẹ̀ wò ó, yóò bá ewé ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, yóò bá ẹyẹ, ẹja, àlàngbá àti àkeekèé. Àdìrẹ kan wà tó jẹ́ pé Olókun gan-an ni orúkọ rẹ̀. Nínú àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi iko di kí aró má baà dé ibi tí a dì, a rí Oṣùbàmbá, tí ó dúró fún òṣùpá tó yọ rokoṣo lójú ọ̀run. Bí a bá sì yà sí ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ, orúkọ ẹyẹ ni ẹtù, tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn àgbà aṣọ òfì, ń jẹ́. Dúdú aró rẹ̀, tí ìlà funfun tín-ín-rín là kọjá, ni àwọn baba wa wò tí wọ́n fi rántí ìyẹ́ ẹtù inú igbó. Adé ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ọba aládé ń dé, títí kan ti Ọ̀ràngún, ẹyẹ ni a ń tò sí i lára. Bí ẹyẹ bá lè bà lé adé ọba, ta ni yóò ní kí ó má bà lé èjìká agbádá?

Kì í tilẹ̀ í ṣe ewé àti ẹranko nìkan. Ohunkóhun tó bá wọ àwọn ìyá wa lójú ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ tó ti mu ẹ̀kọ láfún yà sára aṣọ. Ní 1929 ni a ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, àwọn òpó rẹ̀ sì wọ inú àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí oyè, àwọn tó ń fi páànù gé ọnà gbé àwòrán ọba àti olorì sára aṣọ, a sì sọ ọ́ ní Olóba. Nígbà náà, àwọn ọnà wọ̀nyí kì í ṣe ohun àtijọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ìròyìn ọjọ́ náà ni wọ́n, bí ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí.

AṢỌ RÍRÁN NÁÀ Ń YÍ PADÀ

Bí ọnà ara aṣọ ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni bí a ti ń rán an náà ń yí. Ẹ wo ìtàn Fọláṣadé Thomas, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Shade Thomas-Fahm. Ọdún 1953 ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ní lọ́kàn láti kọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tó ń rí nínú fèrèsé àwọn ilé-ìtajà yí i lọ́kàn padà, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ St Martin's lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ó padà sí Èkó ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ó sì ṣí ilé-ìtajà tirẹ̀.

Kí ni ohun tó ṣe níbẹ̀? Ó rí i pé obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kò ráyè máa tú ìró tún ró láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó rán ìró tó ní síìpù. Ó rí i pé gèlè wíwé ń gba àkókò. Ó wé gèlè sílẹ̀, tí olówó rẹ̀ yóò kàn gbé dé bí fìlà. Ó mú agbádá ọkùnrin, ó sọ ọ́ di aṣọ àríyá obìnrin. Aṣọ òfì àti àdìrẹ wà lára ohun tó fi ń ṣe gbogbo èyí, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn gbajúmọ̀ wa gbà pé aṣọ òkè-òkun nìkan ni aṣọ iyì. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé V&A ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2022, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé síwájú aráyé. Ohun tí a kà sí àṣejù ọmọdé nígbà kan ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Kenneth Ize, tí a bí ní Èkó, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní yunifásítì ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Aṣọ òfì ni òun gbé iṣẹ́ tirẹ̀ kà. Ní 2019, ó wà lára àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje LVMH tí a ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2020, ó pàtẹ aṣọ rẹ̀ ní Paris. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn jùlọ nínú ìtàn rẹ̀ kọ́ ni Paris. Ohun náà ni pé ó tọ àwọn ahunṣọ lọ ní Ìlọrin, ó jókòó tì wọ́n, ó sì sọ wọ́n di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Òfì Ìlọrin ni ó gbé e dé Paris. Ìlọrin ọ̀hún kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fọwọ́ kan agbádá kò mọ ìtàn agbádá. Kò sí aṣọ kan nínú àpótí àwọn àgbà wa tí kì í ṣe tuntun nígbà kan rí.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÌKÒKÒ

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sídìí ìkòkò aró, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣe aró ni yóò mọ ohun tí à ń sọnù.

Ewé èlú ni ìyá aró. Àwọn aláró a já ewé rẹ̀ tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọn a gún un nínú odó, wọn a mọ ọ́n ní ṣùṣù, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Wọn a wá eérú igi tó dára, wọn a kó o sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nísàlẹ̀, wọn a da omi sí i, kí omi eérú máa ro tó, tó, tó, sínú ìkòkò kejì. Inú omi eérú yìí ni ṣùṣù èlú yóò wọ̀, a ó bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó kan. Kò sí aago tó ń sọ fún aláró pé aró ti tó: imú ni ó fi ń gbọ́ ọ, ìfófòó orí omi ni ó fi ń wò ó, ahọ́n ni ẹlòmíràn tilẹ̀ fi ń tọ́ ọ wò. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde, àwọ̀ rẹ̀ a máa jọ ti ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i ni yóò di aró níṣojú wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dúdú yóò rì í, yóò sá a, yóò tún rì í, léraléra. Imú ìyá ni ó ń kọ́ imú ọmọ. Kò sí ìwé tó lè sọ bí òórùn náà ṣe yẹ kó rí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ará ìṣáájú fi fi iṣẹ́ aró sábẹ́ òrìṣà, tí wọ́n ń bọ Ìyá Màpó, olùtọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sányán, tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ. Kòkòrò inú igbó ni ó ń ṣe òwú rẹ̀. Àwọn ìdin náà a kó ara wọn jọ sórí igi, wọn a hun ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò sùn sí. Ilé yìí ni a ń wá kiri inú igbó, tí a ń sè nínú omi eérú, tí a sì ń ran bí a ti ń ran òwú. Bí a bá gé igbó, kòkòrò kò níbi tí yóò sùn; bí kòkòrò kò bá sí, aṣọ yòówù tí a bá wọ̀, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní sányán, orúkọ nìkan ni ó ṣẹ́kù lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń tà ní sányán lónìí, òwú ilé-iṣẹ́ tí a pa láró ni.

A kò sọ pé kí a kórìíra ohun tó ti òkèèrè wá. Irọ́ ni a óò pa bí a bá sọ bẹ́ẹ̀. Òwú pupa tí a fi ń hun àlàárì láyé àtijọ́, ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ń ya àdìrẹ sí, láti ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Àwọn baba àti ìyá wa gba ohun àlejò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n fi sọ ọ́ di tiwọn wà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Wọ́n tilẹ̀ ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí sóódà àti aró inú agolo láti òkè-òkun dé Abẹ́òkúta, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ya, pé aró ń ṣí. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de àwọn èròjà tuntun náà. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n ní a fẹ́ já oúnjẹ gbà mọ́ àwọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé lórí ní 1936. Ẹ má ṣe bú àwọn aláró yẹn. Ọjà kò tà, ọmọ ń béèrè oúnjẹ, èlú ń wọ́n. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé òfin nìkan kò lè gba iṣẹ́ ọwọ́ là bí èrè kò bá sí nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe é.

IṢẸ́ TÍ Ẹ̀RỌ LÈ JÍ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ LÈ JÍ

Ìjà òde òní ju ti ìgbà náà lọ. Àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, ti ń ké tipẹ́ nípa aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí, tí a ń kó wọlé láti Ṣáínà. Aṣọ náà kò mọ ẹ̀kọ, kò mọ ìyẹ́ adìẹ, kò sì fojú kan ìkòkò aró rí. Síbẹ̀, àdìrẹ ni a ń pè é lórí àtẹ. Owó rẹ̀ kò tó ti àdìrẹ gidi. Ẹni tó ń wá aṣọ ẹbí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò yà sí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi kan gbogbo wa. Bí ọmọ kan bá jókòó sí kíláàsì, tó ya ewé tó lẹ́wà sórí ìwé, tó wá ní kí a tẹ̀ ẹ́ sára agbádá, iṣẹ́ ọpọlọ ni, a kí i. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ rẹ̀ bá parí sórí àwòrán yẹn, kí ó mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ òkèèrè lè jí wò láàárín ọjọ́ kan ni ó ní lọ́wọ́. Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá kí òun tó rán ẹ̀wù mẹ́wàá. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè jí ni ọwọ́ tó mọ ìkòkò: aṣọ tí a mọ oko tí èlú rẹ̀ ti wá, tí a mọ orúkọ ìyá tó pa á láró, tí a mọ ìdí tí ewé náà fi wà lára rẹ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́jà òkèèrè ń wá tí kò rí, òun náà sì ni owó wà nínú rẹ̀.

Òfin ti ń gbìyànjú. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022, tí a buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fi àbò bo àwọn ọnà àti àṣà ìbílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni adájọ́ yóò ṣe dá ohun tí àwa tí a ni ín kò mọ orúkọ rẹ̀ padà fún wa?

Àwọn ará Japan kọ́ wa lọ́gbọ́n kan. Ẹ̀rọ kún ilẹ̀ wọn ju tiwa lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ní agbègbè Tokushima, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń gbin ewé aró tiwọn, wọ́n ṣì ń kó o jọ kí ó kan, wọ́n sì ń ta á fún àwọn aláró. Kì í ṣe gbogbo ará Japan ni ó ń wọ aṣọ aró yìí, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé kí ewé náà má ṣe parun lóko, kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n má sì ṣe kú láìní arọ́pò.

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Nílé níbí ńkọ́? Nígbà tí a tún ètò ẹ̀kọ́ girama àgbà ṣe ní 2011, a to iṣẹ́ ọwọ́ 34 sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yàn nínú rẹ̀. Aṣọ rírán wà níbẹ̀, aró pípa náà sì wà níbẹ̀ láyè ara rẹ̀. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gé iṣẹ́ náà kù sí mẹ́fà. Aṣọ rírán ṣì wà lára mẹ́fà náà. Ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ náà wà lára wọn. A kò dárúkọ aró mọ́.

A lè jókòó máa ráhùn pé a ti fọ́ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn méjì tó kù yẹn dáadáa. Bí olùkọ́ aṣọ rírán àti olùkọ́ ọ̀gbìn bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, aró ti padà wọlé nìyẹn. Ewéko ni èlú. Inú igbó àti etí ahéré ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, tàbí ní Ìréè ni kò ní ilẹ̀ tó lè gba ebè mẹ́wàá èlú? Kí àwọn ọmọ ọ̀gbìn gbìn ín, kí àwọn ọmọ aránṣọ gún un, kí olùkọ́ kẹ́mísìrì sì ṣàlàyé ìdí tí ewé tútù fi di aró nínú afẹ́fẹ́. Kí a wá ìyá àgbà kan tó ṣì rántí, kí a fún un ní àga àti owó ọ̀yà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Owó ọ̀yà ni a wí o, kì í ṣe àtẹ́wọ́ lásán.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó yẹ Òṣogbo wò. Olóyè Nike Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, kò kọ́ àdìrẹ ní yunifásítì kankan. Ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ. Ní 1983 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ṣe, ìlú kò gbọdọ̀ sọ pé ó wúwo jù.

Ọ̀rọ̀ wa tún kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ béèrè kí ẹ tó mú. Kì í ṣe gbogbo ọnà ni ó wà fún títà lọ́jà. Nínú aṣọ olọ́nà tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun, ẹ óò rí ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì. Ẹ̀dá omi ni wọ́n, ọnà wọn sì rẹwà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, bí ìtàgbé tí àwọn Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká, àmì oyè ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tó bá sì ti rí ọdún egúngún ní Ìlá mọ̀ pé aṣọ tí a tò léra lára egúngún, ìtàn ìdílé ni. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wọ ẹni tó ń gbafẹ́ lórí ìtàgé kò sọ aṣọ di tuntun. Ó já ìwé inú ìtàn onítàn ya ni. Béèrè lọ́wọ́ àgbà. Bí wọ́n bá ní kí o mú un, mú un. Bí wọ́n bá ní rárá, igbó kò tíì tán. Ewé mìíràn wà.

TIWA LỌ́DỌ̀ ÀWỌN ÀGBÀ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a kojú sí ara wa, àwa tí a ń mi orí. Ta ni ó ń ra àdìrẹ ẹ̀rọ fún aṣọ ẹbí? Ṣé àwọn ọmọ náà ni? Ta ni ó ń yọwó àdìrẹ gidi títí aláró yóò fi kábàámọ̀ pé òun jí wá sí ọjà? Ta ni ó ní àpótí kan lábẹ́ ibùsùn, tí ẹtù àti àdìrẹ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí kò tíì ṣí i han ọmọ kankan, tí ikán sì ti ń jẹ ẹ́ lọ? Bí ọmọ bá wá ya ewé tí kò lórúkọ sára aṣọ, àwa ni a kò sọ orúkọ èyí tó ní fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé aró èlú pẹ́ jù, ó sì wọ́n jù fún ayé kánjúkánjú yìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A kò ní kí gbogbo aṣọ di aró èlú. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í jẹ gbogbo iṣu rẹ̀. Ó máa ń fi ti èbù pamọ́, bí ó ti wù kí ebi pa á tó. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni èbù: ìwọ̀nba oko èlú, ìwọ̀nba ìkòkò, ìwọ̀nba ọmọ tí imú wọn mọ òórùn aró tó kan dáadáa. Bí ìyẹn bá wà, akẹ́kọ̀ọ́ lè gé agbádá bí ó ti wù ú. Bí kò bá sí, agbádá tí a rán gẹ́gẹ́ bí ti 1900 pàápàá kò ní jẹ́ nǹkan kan ju ìránṣọ lásán lọ.

Bí Yorùbá bá ń súre, a máa ń fi ẹyẹ agbe ṣe àpẹẹrẹ, pé òun ni ó ni aró, kì í sì í ráhùn rẹ̀. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá a ṣì lè ṣe àmín sí àdúrà náà láìtijú. Igi tó wó sínú odò lọ́jọ́ kìíní, àwọn tó gé e kò mọ̀ pé ìkòkò wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì bá onílé dá májẹ̀mú, ìdí nìyẹn tí igbó Ọ̀ṣun fi wà títí dòní. Ní tiwa, a mọ̀ pé ìkòkò wà níbẹ̀.

Òwe àwọn àgbà kan wà tí a máa ń pa láti fi rẹ ọmọdé sílẹ̀: bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òótọ́ ni. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àgbà Ìréè, ẹ̀yin àgbà Ìlá àti gbogbo Ìgbómìnà, ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó bú ọmọ tó rán agbádá bí ewé, ẹ pè é wọ yàrá. Ẹ fa àpótí yọ lábẹ́ ibùsùn. Ẹ tú àkísà yín jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún un.